Ilé Tí A Gbé Lé Ìyá Àgbà Lọ́wọ́

Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé ohun tí irin tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ mi wà fún. Kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ, ó dúdú, ó sì wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Àlejò a wò ó títí, a ní ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran ni. Àwọn ọmọ mi ní kí n gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri, kí àyè lè wà fún nǹkan gidi. N kì í dá wọn lóhùn mọ́. Léètì ni, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń yí igi bírí bírí nígbà tí èèyàn bá ti irin ẹlẹ́nu mímú sí i lára, títí igi náà yóò fi rí róbótó. Àwọn tó ń fi igi ṣe ọkọ̀ kékeré àti ilé kékeré ṣeré ni wọ́n máa ń lò ó. Bàámi rà á ní àlòkù, ní ọdún tí ilé ńlá iwájú fẹ́ wó lu Ìyá Àgbà mọ́lẹ̀, tí Ìyá Àgbà sì ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn yóò wà.

Àgbàlá kan náà ni gbogbo wa ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàámi kọ́ ló wà níwájú, tó kọjú sí títì. Ilé kékeré tiwa wà lẹ́yìn rẹ̀, kànga sì wà láàárín méjèèjì. Tí mo bá di ojú mi báyìí, ìró ló kọ́kọ́ ń padà wá bá mi kí n tó rí ojú ẹnikẹ́ni. Ohùn ládàánì a kọ́kọ́ dún láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa a tẹ̀ lé e bí ẹni ń dá a lóhùn, lẹ́yìn náà ni n ó gbọ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ìyá tó bí bàámi ni wọ́n. Àwọn nìkan ló kù nínú àwọn ìyàwó bàbá bàámi, àwọn nìkan ló sì kù nínú pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà. Ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn a máa fi ọwọ́ gbá àwọn òpó kéékèèké tó tò sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn títí dé ibi àga wọn: pá, pá, pá, pá, lẹ́yìn náà gbì. Bí mo bá ti gbọ́ gbì yẹn, mo mọ̀ pé wọ́n ti jókòó, kí n máa gbé omi ìbọ́jú wọn lọ sókè. Ìgbà náà ni maṣíìnì ìránṣọ Màámi yóò bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, àfi tí òwú bá já.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìkọ́kọrẹ́. Èmi ni mo máa ń rin ewùrà, ọwọ́ a sì máa yún mi títí dé ìgúnpá. Màámi a dìde nídìí maṣíìnì, wọn a da epo sórí iná, wọn a fọ́ ẹja gbígbẹ sí i, wọn a gé ewùrà rínrin náà sínú ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo rẹ̀ láì jókòó. Àwo Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ ń kúrò nílẹ̀. Bí mo bá gbé e dé òkè, wọn a tọ́ ọ wò, wọn a ní kí n sọ fún ìyá mi pé iyọ̀ ò tó. Bí mo bá jíṣẹ́ náà, Màámi a ní, "Ó dáa," wọn a sì padà sídìí iṣẹ́. Mo bi Ìyá Àgbà léèrè nígbà kan ìdí tí Màámi kì í fi sinmi. Wọ́n ní, "Àárẹ̀ kì í pa obìnrin, ìjókòó ló ń pa á." Mo gbà wọ́n gbọ́ nígbà náà. Ní báyìí tí orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, n ò gbà wọ́n gbọ́ mọ́.

Nígbà ọyẹ́ ọdún tí mò ń wí yìí ni ògiri pẹ́tẹ́ẹ̀sì là láti abẹ́ páànù títí dé ilẹ̀. Ògiri amọ̀ ni, wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú. Ọwọ́ mi ń wọ inú ibi tó là náà. Ẹbí pé jọ. Àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá, nítorí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ilé bàbá ẹni nílẹ̀ wa nìyẹn: ìdí igi kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan. Ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan pé kí Ìyá Àgbà kó wá sí ilé tiwa lẹ́yìn, kí wọ́n sì wó pẹ́tẹ́ẹ̀sì kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàámi, ọmọ ìyá mìíràn, tó jẹ́ olórí ẹbí, ló lọ bá wọn sọ ọ́ lókè. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wọ ulé yìí," ni Ìyá Àgbà wí. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, bí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú ti ń pè é. "Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n ti dá mi dúró, tí wọ́n bu omi wẹ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé. Ẹni tí ẹ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé kì í ṣe ẹrù tí ẹ ó kàn gbé jáde. Bí mo bá kú, ẹ gbé mi."

"Ìyá, ilé ọ̀hún ló fẹ́ pa yín," ni olórí ẹbí wí. "Kí lẹ fẹ́ kí a ṣe?"

"Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ulé mi lé mi lọ́wọ́, ọjọ́ náà ni n ó bá yín sọ̀kalẹ̀."

Olórí ẹbí mú fìlà wọn, wọ́n dìde. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé bí àgbà ṣe ń sọ pé àwọn ò lọ nìyẹn. Kò sì sí ẹni tó lè fipá mú wọn, nítorí kò sí ọmọ tó fẹ́ kí aráyé gbọ́ pé òun gbé ìyá òun láàyè jáde nílé ọkọ rẹ̀ bí àpò gàrí. Bàámi nìkan ni kò gbà á bí òwe. Mo rí ojú wọn nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Wọ́n ń ṣírò.

Iṣẹ́ àwòrán ilé yíyà ni bàámi ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá jẹun tán, wọn a mú ọ̀bẹ àti igi fífúyẹ́, wọn a máa gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ọkọ̀ òfuurufú kékeré, títí kan kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí. Wọn kì í tà á, wọn kì í sì í jẹ́ kí a fi ṣeré. Àwọn aládùúgbò ní ọmọdé kan ṣì wà nínú bàámi tí kò tíì jẹun yó. Màámi a kàn gbá èérún igi kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ìpàdé náà, bàámi gbé téèpù, wọ́n ní kí n di ẹnu rẹ̀ mú, a sì wọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà yí ká, kí wọ́n lè ṣe irú rẹ̀ kékeré tí ọwọ́ lè gbé. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe ògiri, agolo mílíìkì ni wọ́n gé ṣe páànù, wọ́n tilẹ̀ fi omi iyọ̀ mú un dípẹtà kí ó lè jọ ti òkè gan-an. Ibi òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Àwọn òpó yẹn ní ikùn, wọ́n ní ọrùn, wọ́n rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a tò léra. Gbogbo èyí tí bàámi fi ọ̀bẹ gbẹ́ ló ń wọ́, tàbí kó dá. Wọ́n ní ọwọ́ lásán ò lè ṣe é, àfi léètì. Kò sì sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nítòsí, àfi Ọ̀gbẹ́ni Kòfí.

Ará Gánà ni Ọ̀gbẹ́ni Kòfí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ ní Ayépé. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ sí ìlú wọn, ó sì ń di ẹrù nígbà tí èmi àti bàámi débẹ̀. Ìwé káàkiri ilẹ̀, ìkòkò lórí ìjókòó. Ẹ̀rọ náà wà létí fèrèsé, ó dè é mọ́ tábìlì. Bàámi ní àwọn rò pé àwọn olùkọ́ níwèé. Ó ní, "Mo níwèé. Ẹnikẹ́ni ò lé mi. Ó kàn rẹ̀ mí ni." Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, ti Ìjẹ̀bú sì hàn nínú rẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ, ó fi igi kékeré há ẹnu rẹ̀, ó ti irin sí i, èérún igi sì ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun tí wọ́n ń fá. Òkòtó ló gbẹ́ fún mi, kí a tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" ló bi bàámi.

"Ilé kékeré."

"Ti ẹni tó ń lọ, àbí ti ẹni tó ń dúró?"

"Ti ìyá mi ni. Wọn ò fẹ́ lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Kòfí pa ẹ̀rọ. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní àwọn tó wá ṣáájú bàámi fẹ́ gba ẹ̀rọ náà láti fi pọ́n ọ̀bẹ, òun ò sì fún wọn. Ó ní owó tí bàámi mú wá dára, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òun yóò kó irinṣẹ́ àti ìwé òun sí. Gbogbo àpótí tó wà lọ́jà ni àwọn tó ń lọ ti rà tán. Bí bàámi bá rí àpótí irin tó lágbára, kí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ. Bàámi ní àpótí wà. Mo wò wọ́n, nítorí àpótí irin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nílé wa, ti Màámi sì ni, èyí tí wọ́n gbé wá sílé ọkọ. Màámi ti lọ ra òwú lọ́jà nígbà tí a padà délé. Bàámi kó gbogbo aṣọ inú rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì gbé àpótí náà sẹ́yìn ọkọ̀ padà sí Ayépé.

Nígbà tí Màámi wọlé, ẹ̀rọ náà ti wà lórí tábìlì. Wọ́n kọjá lára rẹ̀ wọ yàrá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ a gbọ́ ohùn wọn.

"Bàbá Bọ̀sẹ̀, àpótí mi dà?"

"Mo fi ra ẹ̀rọ," ni bàámi wí.

"Ẹ̀rọ wo?"

"Èyí tí yóò mú Ìyá sọ̀kalẹ̀."

Màámi jáde, wọ́n dúró síwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n fi ìka kan tọ́ ọ. Bàámi ní àwọn rò pé wọn yóò bínú. Màámi ní, "Ó rẹ̀ mí jù láti bínú. Ẹ sáà jẹ́ kó ṣiṣẹ́." Wọ́n padà lọ jókòó sáàárín aṣọ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n jókòó lọ́sàn-án láì mú nǹkan kan lọ́wọ́, inú mi ò sì dùn sí i.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó wọlé pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gílóòbù pálọ̀ fọ́, èéfín sì jáde nínú mọ́tò léètì. Òórùn rẹ̀ wà nínú aṣọ wa di ọjọ́ kejì. Àwọn òpó kò tíì dé ìdajì. Bàámi jókòó tì í, ojú wọn sì ń lọ sí ìdí fèrèsé, níbi tí maṣíìnì Màámi wà pẹ̀lú pátákó ẹsẹ̀ rẹ̀ àti bẹ́líìtì awọ tó ń yí i. Wọn ò lè sọ ọ́. Maṣíìnì yẹn ló ń bọ́ wa nígbà tí owó oṣù bá pẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án nílé. Màámi rí ibi tí ojú wọn ń wò. Wọ́n rán etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n já òwú, wọ́n sì yọ bẹ́líìtì awọ náà fúnra wọn, wọ́n fi kọ́ léètì kí ẹsẹ̀ lè máa yí i.

"Ẹlòmíràn ò ní í tẹ̀ ẹ́ o," ni wọ́n wí. "Wọn yóò bà á jẹ́. Èmi ni n ó tẹ̀ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé bí Màámi bá tẹ maṣíìnì fún aṣọ oníbàárà láti àárọ̀, tí wọ́n bá sè oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tán, wọn a tún padà sórí àga kan náà, wọn a tẹ̀ ẹ́ fún òpó Ìyá Àgbà. Bàámi a tẹ̀ ba lórí igi, èmi a máa gba èérún igi sínú igbá. Bàámi a ní, "Díẹ̀ sí i," Màámi a tẹ̀. Bàámi a ní, "Ó tó," Màámi a dúró, wọn a sì sun ojú oorun kékeré kí ó tó kan igi mìíràn. Ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lásán. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, erùpẹ̀ sì ń já bọ́ lára ògiri pẹ́tẹ́ẹ̀sì, a ń gbọ́ ọ láti inú ilé wa. Mo ti ronú lórí àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn títí. Èèyàn a máa sọ pé ìfẹ́ ni. Bóyá ìfẹ́ ni. Ohun tí mo rí nígbà náà ni àárẹ̀ àwọn méjì tí wọ́n gbé e sórí iṣẹ́ kan náà.

Ilé kékeré náà parí. Ó lẹ́wà, n ò ní í purọ́. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, fèrèsé ń ṣí, òpó gbogbo tò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ. Bàámi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e gun òkè, Màámi tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń di ògiri mú. Bàámi kúnlẹ̀, wọ́n gbé e lé Ìyá Àgbà lórí itan.

"Ìyá, ẹ ní kí a gbé ilé yín lé yín lọ́wọ́."

Ẹnu ya Ìyá Àgbà, mo rí i. Ọwọ́ wọn gun páànù, ó sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, ó ka fèrèsé, ó sì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fi ìka kan tọ àwọn òpó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n padà, wọ́n tún tọ̀ ọ́.

"Àkànní, o ṣeun," ni wọ́n wí. Oríkì bàámi nìyẹn. "Ṣùgbọ́n ulé ta nìyí?"

"Tiyín ni, Ìyá."

"Rárá. Ọmọ odó mi dà?"

Bàámi wo Màámi. Màámi fara ti ẹnu ọ̀nà, wọ́n di ojú wọn. Bàámi rọra sọ pé, "Ọjọ́ ogbó ti dé," wọ́n sì na ọwọ́ láti gbé ilé náà. Ṣùgbọ́n èmi ti gbọ́ òwúrọ̀ Ìyá Àgbà ju gbogbo wọn lọ. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àwọn òpó bí wọ́n ti ń gbá a. Pá, pá, pá. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ àga, ó dún gbì. Mo fi èékánná họ ọ̀dà tó wà lára rẹ̀, ọ̀dà lórí ọ̀dà, títí mo fi kan igi. Kò ní ọrùn bíi tàwọn yòókù. Ó sanra lókè, ó sanra nísàlẹ̀, àárín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń dán bí ibi tí ọwọ́ ti dì mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ odó ni, tó ti jẹ kúrú.

"Orí rẹ ló há síbẹ̀," ni Ìyá Àgbà sọ fún bàámi. "O ò tíì ju ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ. O ti orí bọ àárín òpó láti wo ọkọ̀ tó ń kọjá, kò sì jáde mọ́. Bàbá rẹ ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà. O ń dúdú lójú mi. Mo fi ọmọ odó fọ́ òpó bàbá rẹ, mo yọ ọ́. Ó bínú, ó ní òun ò ní í ṣe òmíràn. Mo bá fi ọmọ odó ọ̀hún dí i. Òun ni mo fi ń mọ ibi tí mo dé láti ìgbà tí ojú mi ti ṣú."

Bàámi, tó wọn gbogbo ilé náà pẹ̀lú téèpù, tó kọjá níbẹ̀ láti kékeré, gbé ọwọ́ lé orí ara wọn. Ọ̀kan péré ni wọ́n wọ̀n nínú àwọn òpó, wọ́n ní bí ọ̀kan bá ti rí ni gbogbo rẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ni nǹkan já gììrì lẹ́yìn ilé, ògiri ìdí àtẹ̀gùn ti já lulẹ̀, erùpẹ̀ sì rú dé ọ̀dọ̀ wa lókè. Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ìyá Àgbà pé kí a kọ́kọ́ lọ ná. Ìyá Àgbà ní àwọn ti sọ ti àwọn. Màámi la ojú wọn.

"Ẹ mú igi wá," ni wọ́n wí fún bàámi, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó sídìí maṣíìnì, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú aṣọ oníbàárà nílẹ̀ níwájú wọn.

Ọmọ odó kékeré tí wọ́n gbẹ́ náà kò ju ìka mi tó kéré jù lọ. Bàámi yọ òpó ilé kékeré náà tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga, wọ́n sì fi í dípò. Nígbà tí ìka Ìyá Àgbà dé orí rẹ̀, ó dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Orí rẹ tóbi nígbà yẹn o, Àkànní," wọ́n sì ní kí n wá bàtà àwọn.

Wọ́n wó pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà kí oṣù yẹn tó parí, ilé ìtajà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ilé kékeré ọ̀hún bá Ìyá Àgbà gbélé títí wọ́n fi lọ, a sì gbé e sin pẹ̀lú wọn. Léètì nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ yẹn ni mò ń rí nígbàkígbà tí mo bá nu eruku ara rẹ̀. Wọ́n gbé ilé wọn sáyà, wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rin àtẹ̀gùn, wọ́n kọjá lẹ́bàá kànga, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tiwa. Wọn ò wọlé. Bàámi ní, "Ìyá, ó ku kí ni?" Màámi ló yé. Màámi bu omi sínú abọ́, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora, wọ́n sì wẹ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, ọ̀tún àti òsì, bí a ti ń wẹ ti ìyàwó tuntun. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọn ò lè dìde, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ láti fi ọwọ́ wá ọ̀nà wọlé, ọwọ́ wọn sì bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀ Màámi. Wọ́n fọwọ́ tọ ibi tó wú náà lọ sókè, wọ́n tọ̀ ọ́ padà, bí wọ́n ti tọ àwọn òpó. Wọ́n gbé ilé wọn fún bàámi, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi lórí omi tó dà sílẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ Màámi lé itan.

"Bọ̀sẹ̀," ni wọ́n wí fún mi, "lọ bu omi mìíràn wá."